Ẹ̀yin Ọmọ Tí Orí Ń Gbóná, Ẹ Gbọ́ Tèmi

Ọdún 33 ni mo fi ṣe nọ́ọ̀sì nílé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ kí n tó fẹ̀yìn tì. Nígbà tí mo dé Houston lọ́dọ̀ ọmọ mi, mo rò pé ọ̀rọ̀ orí ti kúrò lọ́rùn mi, àfi bí ọmọ ọmọ mi, ọmọ ọdún 19 tó wà ní yunifásítì, ṣe ní kí n sin òun lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́ ọpọlọ níṣẹ́. Oorun kì í kun ọmọ náà mọ́. Àyà rẹ̀ ń já ṣáá. Tó bá ṣíwèé, ojú á wà lórí ìwé, ọkàn á ti rìnrìn àjò. Ibẹ̀ ni mo ti fojú ara mi rí neurofeedback. Láti ìgbà náà, àwọn ọmọ inú ẹbí, ti Ìbàdàn, ti London, ti Amẹ́ríkà, kò jẹ́ kí fóònù mi sinmi: "Màmá, ṣé ó ń ṣiṣẹ́? Ṣé kí n sanwó?" Ó ti rẹ ẹnu mi. Mo kúkú jókòó, mo kọ ọ́ sílẹ̀. Mo sì fi nọ́ńbà sí i, torí mo mọ̀ yín, ẹ kì í ka ohun tí kò bá ní nọ́ńbà.

1. Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹ fẹ́ fowó yín rà.

Wọ́n á fi ìpara kan tó ki bí ògì lẹ ẹnu wáyà mọ́ awọ orí yín, wọ́n á fi òmíràn há etí. Ọpọlọ kì í sinmi. Iná mànàmáná ló fi ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n èyí tó bá yọ dé awọ orí ti kéré jọjọ. Ẹ pín volt kan sọ́nà mílíọ̀nù kan. Nǹkan bíi 10 sí 100 nínú rẹ̀ ni ẹ̀rọ ń wá kiri. Bátìrì tọ́ọ̀ṣì lásán, volt kan ààbọ̀ ni. Iná kékeré yìí ń lọ, ó ń bọ̀, bí omi òkun ṣe ń ru, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pè é ní ìgbì. Tí ẹ bá sùn wọra, kì í tó ìgbà 4 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Tí ẹ bá ń tòògbé, á wà láàárín 4 sí 8. Tí ẹ bá dijú, tí ẹ sinmi láìsùn, 8 sí 13. Èyí ni wọ́n ń pè ní alpha. Tí ọpọlọ bá ń ṣiṣẹ́ kíkan, á tún yára jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kọ̀ǹpútà á wá sọ ìgbì yìí di eré. Ti ọmọ ọmọ mi, fíìmù ẹja inú òkun ni. Bí ìgbì bá rí bí wọ́n ṣe fẹ́, fíìmù á mọ́lẹ̀, ohùn á dún ketekete. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, òkùnkùn á bo àwọn ẹja. Kò sẹ́ni tó máa sọ fún yín pé ẹ ṣe báyìí, ẹ ṣe báyẹn. Ọpọlọ fúnra rẹ̀ ni yóò máa wá ìmọ́lẹ̀ náà kiri, bí ọmọ ọwọ́ ṣe ń wá ẹ̀rín ìyá rẹ̀. Nǹkan bí ìdajì wákàtí ni ìjókòó kan, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, wọ́n sì máa ń ní kí ẹ ṣe 20 sí 40. Gbogbo rẹ̀ nìyẹn. Kò sí àṣírí kan lẹ́yìn rẹ̀.

2. Wáyà náà ń gbọ́ ni, kì í sọ̀rọ̀.

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó ọmọ mi kan pè láti Ìjẹ̀bú, ó ń sunkún pé wọ́n ń fi iná gbé ọmọ lórí. Kò jọ bẹ́ẹ̀ rárá. Iná tí wọ́n ń fún aláìsàn nílé ìwòsàn, tí wọ́n ń pè ní ECT, iṣẹ́ dókítà nìyẹn, ó sì ti yọ ọ̀pọ̀ ènìyàn nínú ìsoríkọ́ tí oògùn kò ràn. Ti neurofeedback yìí, ẹ̀rọ náà kàn dẹtí sí yín ni. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni ìkẹta wọn: àwọn ọmọkùnrin tó ń wo fídíò, tí wọ́n á so bátìrì volt 9 mọ́ iwájú orí ara wọn nínú yàrá kí ìwé lè wọlé. Ó lè jó awọ orí. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ní ọ̀rẹ́ tó ń ṣe é, ẹ bá mi já wáyà náà kúrò lórí rẹ̀ lónìí.

3. Ẹ má ṣe jẹ́ kí orúkọ sáyẹ́ǹsì dẹ́rù bà yín. Ènìyàn ẹlẹ́ran ara ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Hans Berger lorúkọ ọkùnrin tó kọ́kọ́ rí ìgbì orí ènìyàn. Ará Jámánì ni. Nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, ó lọ ṣe sójà ẹlẹ́ṣin fún ọdún kan. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń ṣe ìdánrawò, ẹṣin já a sílẹ̀ síwájú kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń fa àgbá ogun, díẹ̀ ló kù kó tẹ̀ ẹ́ pa. Lọ́jọ́ náà gan-an ni baba rẹ̀ tẹ wáyà sí i láti ilé: ṣé àlàáfíà ni? Arábìnrin rẹ̀ ló ní ara ń fu òun pé nǹkan fẹ́ ṣe é. Nílé tiwa, ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀; a ó ní ara ló sọ fún un, a ó dúpẹ́, a ó sì jẹun. Ti Berger kò parí. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ló fi wá ohun tó gbé ìròyìn náà láti orí ènìyàn kan dé orí ẹlòmíràn. Kò rí i. Ìgbì ọpọlọ ló rí, nílùú Jena ní 1924, ẹ̀rù sì bà á tó bẹ́ẹ̀ tó fi di 1929 kó tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò kọbi ara sí i títí di 1934, nígbà tí Edgar Adrian ní Cambridge tún un ṣe, tó sì rí ohun kan náà.

Ẹ gbọ́ ìyókù rẹ̀, nítorí nọ́ọ̀sì ni mí, mi ò lè fi í sílẹ̀. Ìsoríkọ́ mú Berger. Ní 1941, ó fọwọ́ ara rẹ̀ gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ rí ìgbì ọpọlọ ènìyàn, ìmọ̀ náà kò dáàbò bò ó. Bí èrò bẹ́ẹ̀ bá ń wá sí yín lọ́kàn, ẹ má wá ẹ̀rọ kankan lọ. Ẹ pe ènìyàn lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ pè mí, kódà kó jẹ́ aago 3 òru.

4. Ẹ bọ̀wọ̀ fún ológbò.

Mo mọ̀ pé ẹ ó rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ jù lójú tèmi, lára ológbò ni.

Ṣáájú, ní ìparí àwọn ọdún 1950, Joe Kamiya ní Yunifásítì Chicago ti ní kí àwọn ènìyàn dijú, kí wọ́n máa sọ ohun tí wọ́n rò bí aago bá dún: ṣé alpha ló wà lórí wọn àbí kò sí? Ó máa sọ fún wọn bóyá wọ́n gbà á àbí wọn ò gbà á. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, àwọn kan ti ń gbà á lọ́pọ̀ ìgbà, láìlè ṣàlàyé bí wọ́n ṣe mọ̀. Ó dára. Àmọ́ ènìyàn lè tan ara rẹ̀, ó sì lè fẹ́ wu ọ̀jọ̀gbọ́n tó jókòó níwájú rẹ̀. Ológbò kì í fẹ́ wu ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá ti sin ín rí mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní àwọn ọdún 1960, Barry Sterman ní Los Angeles ń kọ́ àwọn ológbò pé kí wọ́n dúró jẹ́ẹ́ kí oúnjẹ tó dé. Ó ṣàkíyèsí pé nígbà tí wọ́n bá dúró bẹ́ẹ̀, tí ara rọ̀ ṣùgbọ́n tí ojú là kedere, bí ìgbà tí ológbò ń ṣọ́ eku lẹ́nu ihò, ìgbì kan máa ń yọ láàárín orí wọn, ìgbà 12 sí 15 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ó wá yí ọwọ́ padà. Ó ní ìgbì náà ni òun yóò máa sanwó fún. Bó bá ti yọ, mílíìkì àti omitoro ẹran á dé. Àwọn ológbò mọ̀ ọ́n.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé iṣẹ́ mìíràn wá fún un. Epo kan wà tí wọ́n ń dà sí rọ́kẹ́ẹ̀tì, hydrazine, tí èéfín rẹ̀ máa ń mú gìrì wá. Wọ́n fẹ́ mọ ìwọ̀n tó léwu. Ológbò ni Sterman fi ṣe é. Nígbà tó wo ìwé rẹ̀, àwọn kan nínú wọn pẹ́ gan-an kí gìrì tó mú wọn. Ó wò ó síwá, ó wò ó sẹ́yìn. Àwọn tó ti kọ́ tẹ́lẹ̀ láti máa mú ìgbì 12 sí 15 wá ni. Kò sẹ́ni tó sọ fún ológbò pé ìwòsàn ni. Ológbò kò ka ìwé ìpolówó.

Ní 1972, ó tẹ ìròyìn obìnrin kan tó ní wárápá jáde, ẹni tó kọ́ bákan náà. Gìrì rẹ̀ dín kù gan-an, ó sì rí láísẹ́ǹsì ọkọ̀ gbà nígbẹ̀yìn. Láti ibẹ̀ ni Joel Lubar ní Tennessee ti mú un lọ sọ́dọ̀ àwọn ọmọ tí kì í lè jókòó ní kíláàsì, láti 1976. Láti ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ wọ̀nyẹn ni àwọn oníṣòwò ti mú un lọ síbi gbogbo: ìsoríkọ́, àìróorunsùn, ọtí, ìbẹ̀rù ìdánwò. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti kúrò lọ́wọ́ ológbò.

5. Ẹ máa bi ara yín pé: tó bá jẹ́ orí ẹlòmíràn ni ẹ̀rọ náà ń dá lóhùn ńkọ́?

Ẹ jókòó ti èyí. Òun ni mo tìtorí rẹ̀ mú bírò.

Bí oògùn tuntun bá dé, kí a tó gbà pé ó ń ṣiṣẹ́, a ó fún àwọn kan ní ojúlówó, a ó fún àwọn kan ní hóró tó jọ ọ́ tí kò ní nǹkan kan nínú, kò sì sẹ́ni tó máa mọ èwo ni tòun títí ìṣirò á fi parí. Ẹ̀rọ ọpọlọ náà ṣeé dán wò bẹ́ẹ̀. Àwọn onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà ṣe é fún ọmọ 144, ọmọ ọdún 7 sí 10, tí dókítà ti sọ pé ADHD, ìyẹn àìlè fọkàn sí nǹkan àti àìlè jókòó jẹ́ẹ́, ló ń ṣe wọ́n. Ìjókòó 38 ni wọ́n là sílẹ̀ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, èsì rẹ̀ sì jáde ní 2021. Àwọn kan ń rí ìgbì orí ara wọn. Àwọn yòókù, ìgbì orí ọmọ mìíràn tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ ni kọ̀ǹpútà fi ń dá wọn lóhùn. Ọmọ ò mọ̀, òbí ò mọ̀, olùkọ́ ò mọ̀, ẹni tó ń lẹ wáyà mọ́ wọn lórí pàápàá ò mọ̀.

Nígbà tí wọ́n parí, nǹkan sàn fún àwọn tó gba ojúlówó. Ó sàn fún àwọn tó gba ayédèrú náà, bákan náà gẹ́lẹ́. Lẹ́yìn oṣù 13, ìyàtọ̀ kan yọ: àwọn ti ojúlówó kò lo oògùn tó àwọn yòókù. Mi ò ní fi ìyẹn pamọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ní ti ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ pe àwọn ọmọ náà jọ, ìyẹn àìlè fọkàn sí nǹkan, wáyà tó ń sọ òótọ́ àti wáyà tó ń purọ́ gba máàkì kan náà. Àwọn ará Salzburg ní Austria ti rí irú rẹ̀ lára àwọn tí kì í róorun sùn, ní 2017. Ojúlówó àti ayédèrú, gbogbo wọn ló ní àwọn ń sùn dáadáa sí i. Nígbà tí wọ́n wo oorun náà fúnra rẹ̀ lórí ẹ̀rọ, kò yí padà.

Ẹlòmíràn á ní, ó tán, jìbìtì ni. Èmi kò sọ bẹ́ẹ̀. Ara àwọn ọmọ wọ̀nyẹn yá lóòótọ́. Ìbéèrè nọ́ọ̀sì ni pé kí ló mú un yá? Ẹ wò ó: ọmọ tí gbogbo ènìyàn ń pariwo mọ́, "jókòó! dákẹ́!", ìgbà 38 ni àgbàlagbà kan gbà á tọ̀yàyà-tọ̀yàyà, tó fi sórí àga, tó ní kó rọra, tó sì yìn ín nígbà tó rọra. Ìgbà 38 ni ìyá tàbí bàbá fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí rẹ̀, tí wọ́n jọ wà nínú ọkọ̀. Ìgbà 38 ló fi ara rẹ̀ dánrawò bí ènìyàn ṣe ń jókòó. Àwọn àgbà sì ti sọ ọ́ pé oògùn tí a kò bá fowó ṣe, ẹ̀yìn ààrò ní í gbé. Ohun tí a náwó lé lórí, a máa ń retí rẹ̀, ìrètí sì ń ṣiṣẹ́ lára ju bí ẹ ti rò lọ.

Èyí kì í ṣe tuntun létí mi. Nílé ìwòsàn ọpọlọ Aró, ní Abẹ́òkúta, láti 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Lambo ti ní kí àwọn aláìsàn má sùn sẹ́yìn géètì. Kí wọ́n máa gbé láwọn abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, pẹ̀lú ẹbí wọn kan, kí wọ́n máa wá gba ìtọ́jú, kí wọ́n sì padà sáàárín àwọn ènìyàn. Oògùn wà níbẹ̀, mi ò ní kò sí. Ṣùgbọ́n Lambo mọ̀ pé ẹni tó bá aláìsàn jókòó wà lára oògùn.

Ọmọ ọmọ mi ńkọ́? Ìjókòó 22 ló ṣe. Ara rẹ̀ yá. Ìyá rẹ̀ ní ẹ̀rọ ni. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún dọ́là tó ń san lẹ́ẹ̀kan, mo sì mọ̀ pé ẹni tó bá ti san irú owó bẹ́ẹ̀ kò ní sọ pé kì í ṣe ẹ̀rọ. Èmi tí mo jókòó nínú ọkọ̀, mo rí nǹkan mìíràn. Ìwé tí wọ́n fún un níbẹ̀ ní kó máa sùn ní aago 10, kó pa fóònù, kó fi ohun mímu inú agolo tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ń lé oorun sílẹ̀. Mo ti ń sọ bẹ́ẹ̀ fún un láti ọjọ́ tí mo dé. Lọ́fẹ̀ẹ́ ni tèmi, ló ṣe gbé e sẹ́yìn ààrò.

Nítorí náà: kí ẹ tó sanwó wáyà, ẹ fi ọ̀sẹ̀ 6 ṣe gbogbo ohun tó yí wáyà ká. Ẹ sùn lásìkò kan náà. Ẹ wá ẹnì kan tí ẹ ó máa bá jókòó lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ láìsí fóònù. Ẹ dijú fún ìdajì wákàtí, ẹ mí. Bí kò bá tó, tí owó sì wà, mi ò ní dá yín dúró.

6. Bí ẹ bá wá ń lọ, ẹ mú ẹnu yín dání.

Ẹ bi wọ́n pé ta ló ń tọ́jú yín. Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní BCIA tó ń fún àwọn oníṣẹ́ yìí ní ìwé-ẹ̀rí. Ó dára kí wọ́n ní in. Ṣùgbọ́n ìwé-ẹ̀rí náà kì í ṣe láísẹ́ǹsì láti tọ́jú aláìsàn. Dókítà tàbí onímọ̀ ọpọlọ tó ní láísẹ́ǹsì ni kó wà nídìí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ náà, ìfarabalẹ̀ ni àjọ FDA, tó ń yẹ oògùn àti ẹ̀rọ ìwòsàn wò, gbà wọ́n láyè fún. Ẹni tó bá ní òun fi í wo autism sàn, tàbí tó fi àwòrán orí aláwọ̀ pupa àti àwọ̀ ewé hàn yín tó ní ibi pupa yìí ni ìṣòro yín, ẹ dìde.

Ẹ tún bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń ṣe sí ariwo tó ń dà pọ̀ mọ́ ìgbì. Ọwọ́ mi mọ èyí, torí mo ti dúró ti ẹ̀rọ EEG alábẹ́bà, èyí tó ń ya ìgbì ọpọlọ sórí ìwé, nígbà tí ẹnu bírò rẹ̀ ń ha ìwé bí adìẹ tó ń walẹ̀. Bí aláìsàn bá ṣẹ́jú lásán, bírò á fò. Bó bá di eyín, ìwé á dúdú. Iná NEPA fúnra rẹ̀, tó ń lọ tó ń bọ̀ nígbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, á kọ orúkọ ara rẹ̀ sáàárín ìgbì. Àwọn adé kékeré tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún lílò nílé, ẹran ara iwájú orí yín ni wọ́n lè máa gbọ́ tí ẹ ó rò pé ọpọlọ ni. Ẹ lè ná oṣù mẹ́ta láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń tú ojú ká.

7. Fún ẹ̀yin tí ara yín le, tí ẹ kàn fẹ́ ta ẹgbẹ́ yọ.

Mo mọ̀ pé ẹ ó sọ fún mi nípa AC Milan. Lóòótọ́ ni, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù náà ní yàrá kan nígbà kan rí tí wọ́n ń pè ní Mind Room, níbi tí àwọn agbábọ́ọ̀lù ti ń nà gbalaja sórí àga pẹ̀lú wáyà lára. Wọ́n tún ní dókítà, olóúnjẹ, olùkọ́ni, àti agbábọ́ọ̀lù bíi Pirlo. Ẹ sọ fún mi, èwo nínú wọn ló gba ife?

Èyí tí mo kà sí díẹ̀ ni ti London. Ní 2003, Tobias Egner àti John Gruzelier tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Royal College of Music. Àwọn tí wọ́n kọ́ ní irú kan, tó ń mú ènìyàn súnmọ́ ẹnu oorun láìsùn, ṣeré dáadáa sí i létí àwọn onídàájọ́ tí kò mọ ta ló kọ́ kí ni. Àwọn tó kọ́ irú mìíràn kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà kò pọ̀, àmọ́ ẹ kíyè sí i pé olórin ni wọ́n kí wáyà tó kàn wọ́n. Wọ́n ti ń fi duru àti fèrè ṣe ojúmọ́ láti kékeré. Kò sí wáyà tó lè bá ẹni tí kò kàwé dáhùn ìdánwò JAMB.

Àti àwọn eré orí fóònù tí wọ́n ní ó ń mú ọpọlọ jí: ní 2016, àjọ FTC, tó ń gbèjà àwọn oníbàárà ní Amẹ́ríkà, mú kí ilé-iṣẹ́ tó ni Lumosity san mílíọ̀nù dọ́là 2, nítorí ìlérí tí wọ́n ń ṣe láìní ẹ̀rí tó tó. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí ìyẹn.

8. Orí gbígbóná kì í ṣe tuntun nílẹ̀ wa.

Kí ẹ tó rò pé òyìnbó ló kọ́kọ́ mọ̀ pé orí akẹ́kọ̀ọ́ lè dàrú: ní 1960, dókítà ará Kánádà kan, Raymond Prince, tó ti ṣiṣẹ́ ní Aró, kọ̀wé nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa. Orí ń jó wọn, nǹkan ń rìn lórí, ojú kò gba ìwé, ohun tí wọ́n kà kò dúró. Brain fag ni àwọn ọmọ náà fúnra wọn ń pè é. Àwọn òbí wa sì ti ní orúkọ tiwọn: ọdẹ orí. Dókítà Makanjuola kọ ìwé lórí rẹ̀ ní 1987. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu aláìsàn tí n kò lè kà: "Nọ́ọ̀sì, nǹkan kan ń rìn láti ìpàkọ́ dé iwájú mi bí èèrùn." Lábẹ́ èèrùn yẹn, àníyàn àti ìsoríkọ́ la sábà máa ń bá, wọ́n sì ṣeé tọ́jú.

Ọmọ ọmọ mi sọ irú ohun tí àwọn aláìsàn yẹn sọ, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ní Houston, láìgbọ́ ọdẹ orí rí láyé rẹ̀. Ó ya mí lẹ́nu.

Nítorí náà ẹni tó bá ní wọ́n ń ta yín lọ́fà lábúlé, ẹ kí i, ẹ máa lọ. Ẹni tó bá ní ìgbì yín ló wọ́, kò sí nǹkan mìíràn, ẹ kí ìyẹn náà. Ẹ lọ bá dókítà kó kọ́kọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, kó sì bi yín léèrè nípa ilé, owó, àti olólùfẹ́. Ẹ̀yin tó ń gbé tramadol mì kí ẹ lè kàwé mọ́jú, ẹ̀yin ni mo ń wò báyìí.

9. Ẹ má ṣe já oògùn yín jù nítorí wáyà, pàápàá oògùn wárápá. Mo ti rí ohun tó ń tẹ̀yìn rẹ̀ yọ, mi ò ní ṣàpèjúwe rẹ̀ fún yín.

10. Ẹ di irun yín lọ.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí a débẹ̀, ọmọ ọmọ mi ti fi atáṣímẹ́ǹtì di orí rẹ̀ wínníwínní. Ẹni tó ń lẹ wáyà wá awọ orí títí, kò rí i. Ó fi ìpara kún irun, wáyà ń yọ̀ bọ́. Níkẹyìn ó fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé bóyá kí ó lọ tú irun náà, kó wá nà án. Ojú ti ọmọ náà. Inú bí mi, ṣùgbọ́n mi ò sọ̀rọ̀, ọmọ òyìnbó náà kò ní ibi lọ́kàn. Ìrísí irun tiwa kò sí lọ́kàn àwọn tó ṣe wáyà náà látìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ pé ọmọbìnrin aláwọ̀ dúdú kan, Arnelle Etienne, akẹ́kọ̀ọ́ ní Carnegie Mellon ní Pittsburgh, ti rí i bẹ́ẹ̀, òun àtàwọn olùkọ́ rẹ̀ sì ti ṣe ẹnu wáyà tó ń há sáàárín irun dídì, tí wọ́n tẹ ìròyìn rẹ̀ jáde ní 2020. Kí orí tó gba wáyà, wọ́n á kọ́kọ́ di irun náà sẹ́yìn, kí ojú ọ̀nà irun lè bọ́ síbi tí wáyà fẹ́ jókòó sí. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo gbọ́ ọ. Kòlẹ́sẹ̀ ni.

Alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n lé wa padà yẹn, mo tú gbogbo atáṣímẹ́ǹtì náà. Mo fi omi gbígbóná àti òrí fọ orí rẹ̀. Mo mú u jókòó sílẹ̀ sáàárín ẹsẹ̀ mi bí mo ṣe ń mú ìyá rẹ̀ jókòó, mo fi ìlàrí la orí láti iwájú títí dé ìpàkọ́, mo sì fi ojú ọ̀nà tó nípọn díẹ̀ sílẹ̀ ní àtàrí, níbi tí wọ́n ní wáyà máa gbé jókòó. Ó kọ́kọ́ ń sọ fún mi nípa ìdánwò kẹ́mísìrì, nípa ọmọkùnrin kan tí kì í dá a lóhùn mọ́, nípa owó ilé-ìwé tí òun gbọ́ tí bàbá rẹ̀ ń sọ lórí fóònù. Mo ń dáhùn hùn-ún, mo ń di irun lọ. Nígbà tí mo dé ẹsẹ̀ irun karùn-ún, mo bi í léèrè nǹkan kan, kò dáhùn. Orí rẹ̀ ti wúwo lórí itan mi. Aago ò tíì lu 10. Ìyá rẹ̀ yọjú lẹ́nu ọ̀nà, ó fẹ́ sọ̀rọ̀, mo fi ìlàrí ṣe é pé kó padà. Mo fi ẹsẹ̀ irun yòókù sílẹ̀ láìdì, ẹsẹ̀ mi ọ̀tún sì kú títí di aago 2 òru.